Ohun tó ń dá ọmọ agé-ìrèké dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú inú rere. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín kí n tó dáhùn. Ẹ ní ẹ̀yin mẹ́rìnlá tí ẹ jọ kàwé ní Pune láàrin 2008 sí 2012 fẹ́ da owó jọ, kí ẹ fi rán ọmọ tálákà mẹ́ta láti abúlé lọ sí yunifásítì ní Íńdíà, torí pé ìlú náà ṣe yín lóore. Ẹ wá béèrè bóyá owó ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ san, àbí kí ẹ ra kọ̀ǹpútà fún wọn.

Ìyàwó ilé ni mo jẹ́ níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ọmọ Marathi ni ọkọ mi, abúlé wọn wà ní agbègbè Beed ní ìpínlẹ̀ Maharashtra. Láti 2013 ni a ti ń gbé níbẹ̀, láti 2015 ni mo sì ti ń bá àwọn ọmọ abúlé wa rìn títí wọ́n á fi dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Mọ́kànlélógún ni wọ́n. Mẹ́tàlá ti gboyè tàbí wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Mẹ́jọ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ara àwọn mẹ́jọ yẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Ìdáhùn mi rèé: ẹ má kó owó yín lé owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má sì tíì ra kọ̀ǹpútà kankan. Ẹ fi wá ìwé. Ẹ fi san àwọn owó kéékèèké tó ní ọjọ́ tó ní wákàtí. Kí ẹ sì fi san owó oṣù ẹnì kan tí yóò máa bá ọmọ dé ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń já bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé wọn ṣe rí. Beed gbẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í mú oúnjẹ ọdún kan délẹ̀, ọkà bàbà díẹ̀ àti òwú díẹ̀ ni. Tí Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, bá ti kọjá lóṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, ìdílé lóríṣiríṣi á di ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ìkòkò, ewúrẹ́, ọmọ ọwọ́, wọ́n á forí lé ìwọ̀-oòrùn Maharashtra àti Karnataka lọ gé ìrèké fún àwọn ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n ń lò nínú àgọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá àti ewé ìrèké bò. Tọkọtaya kan ni wọ́n ń kà sí ẹyọ òṣìṣẹ́ kan, koyta ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àdá. Nígbà òjò ni mukadam, ọ̀gá tó ń kó wọn lọ, á ti fún wọn lówó ṣáájú. Gbèsè yẹn ni wọ́n ń fi apá san.

Ìdánwò àṣekágbá kíláàsì kẹwàá àti ti kejìlá, oṣù kejì sí ìkẹta ni wọ́n ń ṣe é. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí ọmọ ń múra ìdánwò, ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ọmọ máa ń wà. Tí ìyá àgbà kò bá sí mọ́, tí ọmọ náà sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á ní kò dáa kó máa dá sùn, wọ́n á wá ọkọ fún un. Tọkọtaya tuntun tún jẹ́ koyta kan sí i, owó ìṣáájú mìíràn. Mi ò bú àwọn òbí yìí. Mo ti jẹun nílé wọn, mo mọ ohun tí ebi ń mú ènìyàn ṣe.

Ọdún 2017 ni ojú mi là. Ọmọbìnrin kan wà tí ilé wọn kọjú sí tiwa, orí rẹ̀ pé gan-an. Ọdún méjì ni èmi àti ọkọ mi fi tọ́jú owó dè é, 60,000 rúpìì. Ó ṣe MHT-CET, ìdánwò ìwọlé ti ìpínlẹ̀ náà, ó sì rí àyè gbà láti kọ́ iṣẹ́ ìpoògùn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba. Ìyá rẹ̀ pín ṣúgà kárí àdúgbò. Aago márùn-ún ìdájí la wọ bọ́ọ̀sì pupa ìjọba lọ fi ìwé hàn. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì ṣí fáìlì ọ̀rá rẹ̀, ó ń fi itọ́ tọ́ ìka, ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan: èsì kíláàsì kẹwàá, èsì kejìlá, ìwé ibùgbé, ìwé iye tó ń wọlé fún ìdílé, ìwé kásítì, ìyẹn èyí tó ń sọ ìsọ̀rí ìran tí wọ́n bí ènìyàn sí. Ó ṣí i dé ìparí, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, “Validity ńkọ́?”

A wo ara wa. A rò pé ìwé kásítì ti tó.

Fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀: Íńdíà ya àyè sọ́tọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn tí kásítì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ látayébáyé. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, nínú àyè 100, 15 ni ti SC, ìyẹn àwọn Dalit tí wọ́n ń pè ní aláìṣeéfọwọ́kàn nígbà kan, 7.5 ni ti ST, àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀, 27 ni ti OBC, àwọn kásítì mìíràn tí wọ́n fi sẹ́yìn, láti 2019 sì ni wọ́n ti fi 10 kún un fún àwọn tálákà tí kò sí nínú ìsọ̀rí kankan nínú wọn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní ìpín tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn agé-ìrèké abúlé wa, ìsọ̀rí NT ni wọ́n, ìran àwọn alárìnkiri àtijọ́. Ní Maharashtra, ìwé kásítì nìkan kò tó. Ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ yẹ ìdílé náà wò, kó fún ọmọ ní ìwé kejì tó fi hàn pé òótọ́ ni, òun ni wọ́n ń pè ní validity. Ohun tí ìgbìmọ̀ yẹn ń béèrè lọ́wọ́ NT ni àkọsílẹ̀ láti ìhà bàbá tó ti wà ṣáájú oṣù kọkànlá ọdún 1961. Fún SC, ṣáájú 1950. Fún OBC, ṣáájú 1967. Bàbá àgbà tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé-ìwé rí, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí ìwé rẹ̀?

Wọ́n fún wa láyè ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ pé, ìwé ò dé. Wọ́n kó ọmọ náà mọ́ àwọn tí kò ní ìpín, máàkì rẹ̀ kò tó tibẹ̀, àyè bọ́. Owó wa wà ní báńkì bó ṣe wà, kò rí nǹkan kan ṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sìn ín lọ sílé ọkọ. Ó ti bímọ méjì. Tí Diwali bá ti kọjá, òun náà máa ń wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù yẹn. Tí a bá pàdé nídìí kànga, Tai ló ṣì ń pè mí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin, bó ṣe ń pè mí nígbà tó wà lọ́mọ ilé-ìwé. Kò sí ìgbà tí mo rí i tí kì í dùn mí.

Láti ìgbà yẹn, ìwé ni mo ń kọ́kọ́ wá. Láti kíláàsì kọkànlá ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, láàrin oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, nígbà òjò, torí ìgbà yẹn ni bàbá máa ń wà nílé. Àwọn ìwé kan wà tó jẹ́ pé bàbá fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ka níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba. Tó bá fi di oṣù kọkànlá, bàbá ti jìnnà, mukadam kò sì ní jẹ́ kó fi oko sílẹ̀ torí ìwé.

Àwọn ìwé náà wà o, tí a bá lè fara balẹ̀ wá wọn. Ní 2019, a ń wá ti ọmọkùnrin kan. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan gun àga, ó sọ ìwé ńlá kan kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ pupa ni wọ́n fi dì í, kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí. Abẹ́ Nizam, ọba Hyderabad, ni Beed wà títí di 1948, èdè Urdu ló kún inú àwọn ìwé ìjọba ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó lè kà á nínú wa, ọ̀gá ilé-ìwé pàápàá kò lè kà á. A lọ pe bàbá aránṣọ kan tó ń jókòó nítòsí mọ́ṣáláṣí. Ó nu dígí ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà láti ọwọ́ ọ̀tún, ó ń ka orúkọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan orúkọ bàbá àgbà ọmọ náà, ọdún 1946, kásítì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Kò mọ̀ rí pé bàbá òun lọ sí ilé-ìwé. Ó ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Ìyá àgbà sọ fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé ọkọ òun kò lò ju oṣù kan lọ níbẹ̀ kí wọ́n tó ní kó máa da ẹran. Oṣù kan yẹn ló gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀-ẹ̀rọ.

Gbogbo ohun tí a ná lórí ìwé yẹn, owó ọkọ̀, fọ́tòkọ́pì, ìwé ìbúra, tíì tí a fi ṣe aránṣọ lálejò, kò pé 4,000 rúpìì. Mo sì ti rí ẹgbẹ́ aláàánú tó tọ́jú ọ̀kẹ́ àìmọye rúpìì fún owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tí kò ní ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ńkọ́. Orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìdílé ni wọ́n ń tò tẹ̀ léra níbẹ̀. Lórí Aadhaar ọmọ kan, ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ ìjọba, wọ́n fi lẹ́tà kan kún orúkọ bàbá. Lórí ìwé ilé-ìwé, wọ́n yọ ọ́. Lórí ìwé báńkì, wọ́n kọ orúkọ ìdílé ṣáájú. Lójú kọ̀ǹpútà ìjọba, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo yìí. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé ọmọ sílẹ̀ lórí ẹní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá mú un, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn lẹ́tà sí lẹ́tà. Ìṣẹ́jú ogún ni. Ó ti gbà wá lọ́wọ́ ẹkún lẹ́ẹ̀mẹrin ó kéré tán.

Ó wá kan owó tó ní wákàtí. Ẹ ó rántí ọmọkùnrin Uttar Pradesh tí ìròyìn rẹ̀ kárí ayé ní 2024. Ọmọ Dalit ni, lébìrà ni bàbá rẹ̀. Ó yege JEE Advanced, ìdánwò ìwọlé sí àwọn IIT, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ńlá ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n fún un láyè ní IIT Dhanbad. 17,500 rúpìì ló gbọ́dọ̀ san kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹfà. Ìdílé rẹ̀ ń sá sókè sá sódò kó owó jọ, ojú-òpó ìsanwó tì pa kí owó tó wọlé. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Íńdíà ló tó gba àyè náà padà fún un, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀, IIT kì í gba owó ẹ̀kọ́ rárá lọ́wọ́ ọmọ SC àti ST, bákan náà ni ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó 100,000 rúpìì lọ́dún. Kì í ṣe owó ọdún mẹ́rin ló fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ ọmọ yẹn. 17,500 ni, lọ́jọ́ kan, ní wákàtí kan. Ọmọ mélòó ló rí agbẹjọ́rò tó bá a dé ibẹ̀?

Ní Maharashtra pẹ̀lú, láti 2024, ìjọba ti gba owó ẹ̀kọ́ àwọn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ bí ìmọ̀-ẹ̀rọ àti ìpoògùn lọ́rùn ọmọbìnrin tí owó ìdílé rẹ̀ kò ju 800,000 rúpìì lọ lọ́dún. Owó ìrànwọ́ mìíràn tún wà tí ọmọ ń béèrè fún lórí MahaDBT, ojú-òpó ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Owó náà ń dé, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ kó tó dé, kọ́lẹ́ẹ̀jì á sì ti béèrè tirẹ̀. Kí owó ìjọba tó dé, ta ló fẹ́ san owó oúnjẹ họ́sítẹ́ẹ̀lì, tìmùtìmù, garawa, ìwé, owó ìdánwò? Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a ní owó kan tó ń yí. A máa san án lọ́jọ́ tó yẹ. Nígbà tí ti ìjọba bá wọ àkáǹtì ọmọ, á dá tiwa padà, ọmọ mìíràn á gbà á. 150,000 rúpìì la fi bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ọmọ mẹ́sàn-án ló ti gba ọwọ́ wọn kọjá. Ọ̀kan kò dá a padà, torí bàbá rẹ̀ kú. A ò béèrè.

Ẹni tí mo ní kí ẹ san owó oṣù fún, ọmọ ibẹ̀ ni kó jẹ́, kí ó sì jẹ́ obìnrin tí ẹ bá lè rí. Tiwa gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn, ọmọ agé-ìrèké lòun náà. Ó mọ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wà ní ọ́fíìsì, ó mọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ tí wọ́n fi ń jẹ́ kó jókòó. Ìyá tí kò ní gbà kí ọmọbìnrin rẹ̀ bá àjèjì ọkùnrin wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Pune, á gbà kó bá obìnrin yìí lọ. Láti 2023, ìdajì owó ọkọ̀ ni obìnrin ń san nínú bọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ náà, ìyẹn náà ràn wá lọ́wọ́.

Ibi kejì tí mo ti pàdánù ọmọ, ọmọ ti wọlé tán ni. Ọmọkùnrin kan tó mọ ìṣirò bí ẹni mọ ojú ìyá rẹ̀, a bá a dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú ńlá kan, a sanwó, a ya fọ́tò, a padà sílé. Marathi ló fi kàwé láti kékeré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní kíláàsì. Ó wálé ní Diwali, kò padà mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló tó sọ fún mi pé òun kò tíì lanu sọ̀rọ̀ rí ní kíláàsì láti ọjọ́ tí òun ti débẹ̀, àti pé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n bi í léèrè ìdílé rẹ̀, ó sọ fún wọn, láti ìgbà náà òun nìkan ló ń jẹun. Èmi tí mo ti jẹ́ àjèjì ní ilẹ̀ yẹn, tí mo ti jókòó láàárín ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́, ó yẹ kí n ti ro ìyẹn ṣáájú. Nísinsìnyí, a kì í jẹ́ kí ọmọ kan ṣoṣo dá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò sí ẹnì kankan láti agbègbè wa. Ẹni tó ti ṣáájú wà níbẹ̀ la ń fà á lé lọ́wọ́. Fún ọdún àkọ́kọ́, ìpè kan ní alaalẹ́ Sunday, kì í ṣe nípa ìwé o. Kí lo jẹ? Ta lo bá jẹun? Tí ìdáhùn kejì bá jẹ́ “kò sẹ́nì kankan” lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ẹnì kan nínú wa á wọ bọ́ọ̀sì.

Maharashtra fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Bhaurao Patil dá ẹgbẹ́ Rayat sílẹ̀ ní 1919 láti kọ́ ọmọ àwọn àgbẹ̀, ó kó ọmọ onírúurú kásítì sínú họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kàwé. Nígbà tí oúnjẹ àwọn ọmọ tán, Laxmibai ìyàwó rẹ̀ ta wúrà ọrùn rẹ̀, títí kan mangalsutra, ẹ̀gbà ọrùn ìgbéyàwó, èyí tí obìnrin ibẹ̀ kì í bọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá wà láàyè. Ìyá ọkọ mi ló sọ ìtàn yẹn fún mi, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu búrẹ́dì ọkà bàbà lójú iná. Ẹ kíyè sí i pé oúnjẹ ni wúrà yẹn bá lọ.

Ó ku bí owó yín ṣe máa débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré èyí. Òfin FCRA ti 2010 kò gbà kí ẹgbẹ́ kan ní Íńdíà gba owó ìrànwọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé ìjọba ti fún un láṣẹ. Láti àtúnṣe 2020, ẹ̀ka State Bank of India kan ṣoṣo ní New Delhi ni owó náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀, ẹgbẹ́ tó gbà á kò sì gbọ́dọ̀ fún ẹgbẹ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ná ju 20 nínú 100 lọ sórí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Torí náà, ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì olùkọ́ abúlé kan torí pé ó jẹ́ ènìyàn rere. Òun ni ẹ máa kó sí wàhálà. Ẹ wá ẹgbẹ́ tó ní àṣẹ, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọn á gbà kí owó yín san owó oṣù ẹni tí yóò máa bá ọmọ dé ọ́fíìsì. Tí wọ́n bá ní owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni àwọn ń san, ẹ wá ibòmíràn.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ọdún kejì ni kí ẹ rà á, nígbà tí ẹ bá ti mọ̀ pé ọmọ ń padà sí kíláàsì. Ní ti Kota, ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ fún ìdánwò IIT àti ti ìṣègùn, mi ò ní kí ẹ rán ọmọ abúlé lọ síbẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, ìdánìkanwà ibẹ̀ sì burú fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ láti kékeré, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ìdánwò àwọn ilé-ìwé Navodaya tó ń mú wọn wọ kíláàsì kẹfà. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ìjọba ni, ọ̀fẹ́ ni, ó kéré tán àyè 75 nínú 100 jẹ́ ti ọmọ ìgbèríko. Ìdánwò NMMSS, ti owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ìjọba, tún wà ní kíláàsì kẹjọ. Ọmọ tó bá yege ń gba 12,000 rúpìì lọ́dún títí dé kíláàsì kejìlá. Ní abúlé wa, 1,000 rúpìì lóṣù tó láti mú kí bàbá ro ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lẹ́ẹ̀mejì.

Mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ wa fún ọdún yìí. Ìwé mẹ́ta ti pé. Ti ẹnì kẹrin, ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, a ò tíì rí orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ níbì kankan, bàbá rẹ̀ sì máa wọ ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́yìn Diwali. Ilé-ìwé méjì ló kù tí a kò tíì ṣí ìwé wọn. Àwa àti bàbá aránṣọ ń lọ sí ọ̀kan ní Mọ́ńdè.